Ta Ni Yóò Máa Gbá Ilé Etí Òkun?

   Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ni, àmọ́ kì í ṣe ilé tí à ń gbé. Ilé tí a kì í gbé ni.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bùrọ̀dá wa àgbà tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà fi ohùn ránṣẹ́ sínú WhatsApp ẹbí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fi ohùn oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án ránṣẹ́ lóru, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjì ni: ẹnì kan ti kú, tàbí wọ́n fẹ́ kí ẹ dáwó. Owó ni. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé kékeré kan sétí omi, èyí tí bàbá àgbà wọn kọ́, tí ọmọ àti ọmọọmọ ń kóra jọ sí lọ́dọọdún láti sinmi. Wọ́n ní kí ló dé tí àwa ọmọ bàbá kan náà láti Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ò lè ní irú rẹ̀. Kí á ra ilẹ̀ sí abúlé apẹja kan létí òkun, kí á kọ́ yàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, kí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, ní Àbújá, ní London àti ní Houston lè máa pàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n má baà di àjèjì síra wọn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn pé àṣẹ. Mi ò purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo ti ń rí ara mi lórí àga onípákó, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi lẹ́sẹ̀, tí ẹnì kankan ò ní bi mí léèrè owó iléèwé.

Nígbà tí a sọ fún màmá wa nílé ní Ìlódè, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ni yóò máa gbá a?"

A rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àwa ará Ifẹ̀ àti òkun, ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Láti ibi tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí omi iyọ̀ wà, ó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, níbi tó súnmọ́ wa jù. Síbẹ̀, Ọlọ́kun ń gbé nílùú wa. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, tí àwọn àgbà bá dárúkọ Igbó Ọlọ́kun, mo rò pé tí mo bá la igbó náà kọjá, òkun ni màá bá lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni òyìnbó Jámánì tí ń jẹ́ Leo Frobenius ti rí orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Orí Ọlọ́kun, ní 1910. Ibẹ̀ náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá ṣáájú wọn ti hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó ju 12,000 lọ jáde nílẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Wọ́n wádìí ohun tí wọ́n fi ṣe dígí náà, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe tí àwọn òyìnbó tàbí Lárúbáwá tà fún wa. Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, kí ọkọ̀ òyìnbó tó dé etíkun wa rárá. Ìtàn Ifẹ̀ ní ìyàwó Odùduwà ni Ọlọ́kun, òun ló sì ni ìlẹ̀kẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí sọ pé kí ló kan Ìlódè pẹ̀lú òkun, mo ní kó fi wá sílẹ̀. Ìyá wa kan ló ni ín.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Mọremí náà ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń fi koríko bora, tí wọ́n ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú, wọn ò pòórá. Àwọn ará Ùgbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àwọn ni, pé Ifẹ̀ làwọn ti wá, kí àwọn tó gba ọ̀nà omi lọ. Olúgbò wọn wà lórí ìtẹ́ títí di òní. A ń ṣe ọdún Ẹdì níhìn-ín ká lè rántí bí a ṣe lé wọn lọ. Àwọn náà wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń pẹja. Ẹni tí a lé kúrò nílé ló wá ni etí òkun. Àwa tí a lé e ni a wá ń wá ilẹ̀ rà lẹ́bàá omi.

Kí á tó náwó, mo dábàá pé ká kọ́kọ́ yá ilé lò. Bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésì, àwa mẹ́rìnlá kó sínú bọ́ọ̀sì kan, ó di Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. A gba Ìbàdàn, a já sí Ìdí-Ayùnrẹ́, a gba Màmú dé Ìjẹ̀bú-Òde, a sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Màmá wa jókòó síwájú pẹ̀lú iṣu mẹ́fà, gálọ́ọ̀nù epo pupa kan, àti ìgbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbálẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé kan, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ láti Ìlódè lọ sétí òkun.

N ò ní dárúkọ abúlé tí a dé sí. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ilé náà dára. Òrùlé pupa, fèrèsé gíláàsì ńlá, igi àgbọn mẹ́jọ nínú ọgbà. Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, màmá wa dìde ní aago méjì, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ní, "Ta ló ń lọ ata látàárọ̀ yìí tí kò dáwọ́ dúró?" Mo ní, "Màmá, òkun ni." Wọ́n ní, "Kì í sùn ni?" Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn. Òkun kì í sùn lóòótọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ fún wákàtí kan, orin ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ fún òru mẹ́ta, ẹ̀rọ ìlọta ni.

Láàárọ̀, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ kan kí ẹ tó kú. Wọ́n á ti gbé àwọ̀n gígùn kan fi ọkọ̀ yí òkun ká láti òru, ìdí okùn méjèèjì á wà létí omi. Èèyàn bí ogún á wá dúró sí ìdí okùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fà, wọ́n á máa lé orin, wọ́n á máa sún mọ́ra títí tí ẹgbẹ́ méjèèjì á fi pàdé. Ìlàjẹ ń bẹ níbẹ̀, Ẹ̀gùn ń bẹ níbẹ̀, àwọn ará Gánà ń bẹ níbẹ̀, orin gbogbo wọn sì ti dàpọ̀ mọ́ra. Àwọn ọmọ wa bọ́ bàtà, wọ́n bá wọn di okùn mú. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ pé tí a bá ní kó bá wa gbé omi nílé, ẹ̀yìn á máa dùn ún, ó fa okùn fún wákàtí méjì. Wọ́n fún wọn ní ẹja sínú páànù kan. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ohun tí bùrọ̀dá wí nínú ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án wọn, òótọ́ ni. Àwọn ọmọ tí wọn ò mọ orúkọ ara wọn dáadáa ní oṣù tó ṣáájú ń jà nítorí ta ló máa gbé páànù.

Ní ọjọ́ kejì ni òkun fẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa lọ. Mo ní láti sọ èyí nítorí ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi. Omi kan wà létíkun tó máa ń sá padà sínú òkun bí odò tó ń ṣàn. Ojú rẹ̀ a máa parọ́rọ́ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọ̀ fi ń rò pé ibẹ̀ ló rọrùn jù láti wọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà wọ̀. Nígbà tí a pariwo, ó ti jìnnà tó bí ibi tí a bá ju òkúta dé. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, omi ń fà á lọ, agbára rẹ̀ ń tán. Ọkùnrin apẹja kan bẹ́ sómi, kò tilẹ̀ wá tààrà. Ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ó mú un, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ó ní bí èèyàn ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn: má bá a jà, wẹ̀ lọ sí ọ̀tún tàbí òsì ní gígùn etíkun títí yóò fi tú ẹ sílẹ̀, kó o tó kọjú sí iyanrìn. Màmá wa fi aṣọ kan ta ọkùnrin náà lọ́rẹ. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹni tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù níbẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé tí a yá. A jọ jókòó sídìí igi àgbọn lálẹ́. Mo bi í pé báwo ni onílé ṣe ń lo ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá máa ń wá ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́dún. Èmi ń gbé ọjọ́ tó kù. Èmi ni mo ni ilé yìí, àwọn ló ń sanwó rẹ̀." Ó wá ń ka ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ fún mi. Pánù àkọ́kọ́ kò lò ju ọdún díẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Mítà iná jẹrà. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn dógùn-ún. Bẹ́ẹ̀dì a máa tutù bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá a síta ní àsìkò òjò. Ilé kan wà lápá òsì wa tí òpó rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní iyanrìn etí òkun ni bíríkìlà fi po kọnkéré, wọn ò fi omi odò fọ̀ ọ́. Iyọ̀ dé ara irin, irin dógùn-ún, irin wú, ó fọ́ òpó láti inú. Ilé ọ̀hún kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ẹnì kankan kì í sọ èyí fún èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń ta ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ilẹ̀ títà. Ọkùnrin kan mú wa lọ wo pulọ́ọ̀tì mẹ́rin. Èdè Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, oyin ni. Ó ní ìwé ti pé, ó ní Gómìnà nìkan ló kù kó fọwọ́ sí i, bí ẹni pé Gómìnà ń dúró dè wá ní ìkóríta. Èkó ṣe òfin lórí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní 2016, òfin náà sì le, ṣùgbọ́n òfin kì í bá èèyàn lọ sínú igbó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ilẹ̀ hàn án. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀, mo ń wo ìdí igi àgbọn kan tó dá dúró sínú omi, bí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí ibi tí iyanrìn parí sí. Orí rẹ̀ ti gé. Mo bi ọmọdékùnrin kan tó tẹ̀ lé wa pé ta ló gbin àgbọn sínú òkun. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Ó ní nígbà tí òun kéré, ẹ̀yìn igi yẹn làwọn ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ lé ọmọ náà lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní etíkun wa, ó ní ìdí tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì máa ń ti ìwọ̀ oòrùn gbé e lọ sí ìlà oòrùn, láti apá Gánà títí dé ọ̀dọ̀ wa, tọ̀sán tòru, bí ẹrù tí wọ́n ń fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ẹnì kan bá na ògiri sínú òkun lágbedeméjì, ẹrù á dúró lọ́wọ́ ẹni tó wà ṣáájú ògiri. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní í rí gbà, òkun á sì máa kó tirẹ̀ lọ. Láti 1908 ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun ní ẹnu omi Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Ìwọ̀ oòrùn ògiri náà sanra. Ìlà oòrùn rẹ̀, níbi tí Bar Beach wà, rù, títí tí òkun fi ń wọ títì ní Victoria Island, tí wọ́n sì fi wá kọ́ ògiri ńlá mìíràn síwájú ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Wọ́n kọ́ èbúté sí Lomé láàárín àwọn ọdún 1960, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú Aného tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀. Wọ́n kọ́ ti Cotonou láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ìlà oòrùn Cotonou sanwó rẹ̀ pẹ̀lú ilé. Ní oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kkí, òun náà sì ní òkúta tirẹ̀ nínú òkun. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá ra ilẹ̀ létí òkun, ẹ má tíì béèrè iye rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ, àti ibi tí ògiri tó súnmọ́ ọn jù wà.

Títì etí òkun tí wọ́n ń ṣe láti Èkó lọ sí Calabar, tó tó 700 kìlómítà, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, tún ti gbé tirẹ̀ dé. Ó máa mú òkun súnmọ́ àwa ará òkè, lóòótọ́. Ó sì ti wó ilé ìgbafẹ́ lulẹ̀ níbi tó gbà kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ní kí n lọ wo òkun tó jẹ́ ti àwọn tí a lé. Mo gba Oǹdó, mo gba Òrè, mo dé Òkìtìpupa, mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìgbókọ̀dá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò. Ẹ̀yin àgbà á rántí orúkọ yẹn. Ní 1947 ni àwọn oníjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá a sílẹ̀ létí òkun, wọ́n ní ìlú ìdùnnú ni. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, kò sí tèmi kò sí tìrẹ. Wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń kan ọkọ̀, iná mànàmáná sì dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó dé ọ̀pọ̀ ìlú tó jù wọ́n lọ. Òkun ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Ìjọba gbé iṣẹ́ jáde ní 2004 pé àwọn á dá òkun dúró, wọ́n tún gbé e jáde ní 2009. Omi ò ka ìwé. Ọkùnrin kan na ìka sí ojú òkun, ó ní, "Iléèwé mi nìyẹn." Ìgbì nìkan ni mo rí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Òun náà ní ilé. Ilé rẹ̀ dúró lórí igi, pákó ni ara rẹ̀. Ó ní ìgbà kẹta tí òun máa tú u nìyí. Tí òkun bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á yọ ìṣó, wọ́n á ru pákó sẹ́yìn, wọ́n á tún un kàn. Ó ń sọ ọ́ bí èmi ṣe máa sọ pé mo pààrọ̀ táyà. Kò sí ìdùnnú nínú ẹ̀, ẹ má gbọ́ mi sódì. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òkun kì í fi búlọ́ọ̀kù mọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa tí a kò mọ̀ ọ́n ni à ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń padà bọ̀ wálé, lẹ́yìn tí mo kúrò ní Oǹdó, mo kọjá ojú ọ̀nà tó yà lọ sí abà bàbá wa. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. N ò wọlé, igbó ti bo ọ̀nà. Mo kàn dúró síbẹ̀.

Abà yẹn ni a dàgbà sí. Ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́rin, pánù lórí, ilẹ̀ gbalasa níwájú tí a ń sá kòkó sí. Láti ìgbà òjò títí di ìgbà tí a bá ta kòkó tán, ibẹ̀ ni à ń gbé. Ìlódè ńkọ́? Ìlódè ni à ń lọ tí Ọlọ́jọ́ bá dé, tí Ẹdì bá dé, tí Kérésì bá dé, tí ẹnì kan bá kú tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ ìyàwó. Ilé alájà tí bàbá fi owó kòkó kọ́ sí Ìlódè, kì í sí èèyàn níbẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án nínú ọdún, àfi ìyá àgbà kan tó wà nídìí kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún tó dé, màmá wa á ṣáájú gbogbo wa lọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, láti lé àǹtaakùn àti eku jáde. Tí a bá wá dé, aṣọ tuntun ń bẹ, adìyẹ ń bẹ, àwọn ọmọ bàbá àgbà àti ọmọ bàbá kékeré láti abà mìíràn ń bẹ. Ogún ọmọ lórí ẹní mẹ́ta.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ilé wo ni ẹ rò pé ìyẹn ń jẹ́? Ohun tí bùrọ̀dá rí lọ́dọ̀ òyìnbó, inú rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. A kàn yí i po ni. Tiwọn, wọ́n ń gbé ìgboro, wọ́n ń lọ sinmi ní abúlé. Tiwa, a ń ṣiṣẹ́ ní oko, à ń wá sinmi ní ìlú. Ilé kejì sì ti gba àwọn baba wa là rí: ní 1849 tí ogun lé Ifẹ̀ kúrò nílé, Ìsọ̀yà tó jẹ́ ọ̀nà oko ni wọ́n sá lọ, ọdún bíi márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó padà.

Mo fi èyí ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Tèmi gùn tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ní kí á má ra ilẹ̀ kankan. Kí á kó owó tí a ti dá sílẹ̀ sórí ilé Ìlódè: kí á pààrọ̀ pánù, kí á gbẹ́ omi, kí á ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ọmọ tó ti London wá lè wọ̀ láì sunkún, kí á gbé iná sólà sórí rẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi. Mo rò pé mo ti fọ́ agbárí ọ̀rọ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ló dá mi lóhùn, kì í ṣe bùrọ̀dá. Ó wọlé wá bá mi ní pálọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ní, "Dádì, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ sí Ìlódè, ẹ máa ń bá wa wí ni. Ẹ kúnlẹ̀ fún tibí, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún tọ̀hún, ẹ má jókòó síbẹ̀, àga bàbá nìyẹn. Létí òkun, ẹ bá wa fa okùn. Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mi ò rí i rí kí ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."

Ó jáde. Mo jókòó.

N ò tíì rí ohun tí mo máa sọ sí i. Òtítọ́ ni pé nílé bàbá mi, èmi náà di ẹlòmíràn. Mo máa ń rìn bí bàbá mi, mo máa ń wúkọ́ bí bàbá mi kí n tó wọ yàrá. Àwa tí à ń bẹ̀rù àga yẹn nígbà kan, a kò rántí pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn àgbà bá ti lọ sídìí ayò, ni ọdún wa máa ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń lọ sídìí ayò mọ́? A ti wọ inú yàrá àwọn ọmọ pẹ̀lú ìmọ̀ràn.

Ẹ fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé? Kò dọ́gba. A pààrọ̀ pánù Ìlódè, omi ti ń yọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà. Bùrọ̀dá bínú sí mi fún oṣù mẹ́rin, wọ́n sì wá tẹ̀ mí láago lọ́jọ́ ìbí mi bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àǹtí mi kejì lọ fi owó ara wọn ra pulọ́ọ̀tì kan ní ìdákọ́ńkọ́, lọ́wọ́ ọkùnrin elẹ́nu oyin yẹn. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ti ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú màmá. Ní oṣù Kérésì tó kọjá, a tún yá ilé létí òkun fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà a kó wá sí Ìlódè fún ọjọ́ mẹ́rin. A gbé àga bàbá sínú yàrá kan, a ti ilẹ̀kùn. Màmá rí i, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí a fẹ́ kúrò létí òkun, màmá ní kí ọmọ mi bá wọn bu omi òkun sínú ìgò kan. Gbogbo wa rò pé wọ́n fẹ́ fi gbàdúrà. A dé Ìlódè, wọ́n da omi náà sínú àwo tánńganran pẹrẹsẹ, wọ́n gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé sí. Ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń lọ yọjú wò ó láràárọ̀. Omi òkun lítà kan a máa ní iyọ̀ tó súnmọ́ gíráàmù 35 nínú. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń sè é gbẹ láyé àtijọ́, ọ̀nà tí iyọ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ àwa ará òkè nìyẹn kí iyọ̀ òyìnbó tó dé. Màmá wa ò ka èyí nínú ìwé kankan. Ìyá tiwọn ló sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin, iyọ̀ funfun ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo náà. Màmá wa fi ṣíbí họ ọ́, wọ́n dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, àwa méjìdínlógún sì jẹ ẹ́ tán lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn gbá láàárọ̀. Iyanrìn wà níbẹ̀ díẹ̀.